Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù: kọnkéré dúró, oríkèé ló ń jò

Láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barbican dé gbọ̀ngàn orin tó wà nínú Barbican, àdúgbò ilé kọnkéré ńlá kan ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Síbẹ̀, wọ́n ní láti fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà sílẹ̀ kí àlejò tó lè débẹ̀ láìṣìnà. Ilé tí wọ́n fi nǹkan bí ogún ọdún kọ́, tí àwọn ayàwòrán-ilé tó mọṣẹ́ dunjú yà, ìlà ọ̀dà ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà nínú rẹ̀. Kọnkéré ibẹ̀ kọ́ ló fà á, torí ó wà lára èyí tó dára jù tí wọ́n dà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé náà. Ibi tí nǹkan ti ń pàdé ara wọn ni wàhálà wà: ibi tí pèpéle ti pàdé ògiri, ibi tí ọ̀nà òkè ti pàdé títì, ibi tí Barbican fúnra rẹ̀ ti pàdé ìlú tó yí i ká.

Ilẹ̀ tó jó

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1940. Àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì dé lálẹ́, wọ́n ń da bọ́ǹbù oníná sórí City, apá Lọ́ńdọ̀nù tó dàgbà jù, tí báńkì àti ilé iṣẹ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bọ́ǹbù oníná kékeré ò le pa béèyàn bá tètè rí i: bu iyanrìn sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi ni. Wọ́n ti ti ọ́fíìsì àti ilé ìkẹ́rù pa, kò sí ẹni tó máa gun òrùlé lọ wo ohun tó bọ́ síbẹ̀. Odò Thames náà ti fà lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ àwọn panápaná ò rí omi tó fà. Cripplegate, apá City tí Barbican wà lórí rẹ̀ lónìí, níbi tí àwọn oníṣòwò aṣọ kó ọjà wọn sí nínú ilé gíga tó fún mọ́ra lẹ́bàá ọ̀nà tóóró, jó kanlẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ṣọ́ọ̀ṣì St Giles, tí iná jẹ inú rẹ̀ tán ṣùgbọ́n tí ògiri àti ilé agogo rẹ̀ dúró, àti àwọn àgékù odi ìlú àtijọ́, èyí tí àwọn ará Róòmù kọ́kọ́ mọ, tí ilé ti bò mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Iná ló ṣí i síta.

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1951, gbogbo ẹni tó ń gbé ní Cripplegate jẹ́ 48. Lọ́sàn-án, City á kún bí ọjà ọrún. Tó bá di alẹ́, ọlọ́dẹ àti ológbò ló kù. Àwọn tó fẹ́ràn owó ò rí ohun tó burú níbẹ̀: ọ́fíìsì ló ń mówó wọlé, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ́fíìsì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú kan wà nílẹ̀. City ní ìjọba tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti ìyókù Lọ́ńdọ̀nù, ó ní Lord Mayor tirẹ̀, ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ìlú tí kò ní ará ìlú, ta ló ń ṣèjọba lé lórí? Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan máa béèrè. Ní 1956, Duncan Sandys, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, kọ̀wé sí Lord Mayor pé kí wọ́n kọ́ àdúgbò gidi síbẹ̀, tó ní ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́, bí owó tó máa wọlé lórí ilẹ̀ náà ò bá tiẹ̀ ní tó ti ọ́fíìsì. Ìgbìmọ̀ City gbà ní oṣù Kẹsàn-án 1957.

Peter Chamberlin, Geoffry Powell àti Christoph Bon ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Olùkọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Kingston. Nígbà tí City ṣe ìdíje fún Golden Lane, àdúgbò kékeré tó wà lápá àríwá ibẹ̀, olúkúlùkù wọn fi àwòrán tirẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì ti ṣàdéhùn pé bí ẹnì kan bá mókè nínú wọn, kí wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Powell ló mókè ní 1952. Ilé iṣẹ́ Ove Arup ló ṣe ìṣirò agbára ilé fún Barbican.

Ẹ má ka Barbican mọ́ àwọn ilé kọnkéré tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù láyé kan náà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dé Peckham mọ̀ dáadáa. Látìbẹ̀rẹ̀ ni City ti pinnu pé iye tí ọjà bá pè ni ayálégbé máa san. Nígbà tí òfin 1980 fún ayálégbé ìjọba láyè láti ra ilé tó ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn rà á. Ó yẹ ká fi èyí sọ́kàn nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní Barbican ló jẹ́rìí sí i pé kọnkéré kì í bàjẹ́. Owó àtúnṣe wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, irú kọnkéré kan náà ò rí ẹni tójú rẹ̀.

Ọkọ̀ nísàlẹ̀, èèyàn lókè

Wọ́n fọwọ́ sí ètò náà ní 1959. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí éékà 35. Ilé gígùn mẹ́tàlá tí wọ́n tò yí àwọn àgbàlá ká, ilé gogoro mẹ́ta, adágún omi, ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, ilé ẹ̀kọ́ orin, ilé ìkàwé, gbọ̀ngàn eré, àti St Giles láàárín wọn. Fúláàtì tó wà níbẹ̀ lé ní 2,000, àwọn tó ń gbé inú wọn tó nǹkan bí 4,000. Àwọn ilé gogoro náà, Cromwell, Shakespeare àti Lauderdale, ga tó mítà 123, ìyẹn àjà tó lé ní ogójì. Igun mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, fúláàtì mẹ́ta sì ló wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní máa wo ojú fèrèsé aládùúgbò rẹ̀ tààrà.

Èrò kan ṣoṣo ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọkọ̀ nísàlẹ̀, èèyàn lókè. Wọ́n da pèpéle kọnkéré gbalasa sí òkè ojú títì. Ọkọ̀, pàǹtí àti ẹrù ń gba abẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀, ọgbà òdòdó àti ẹnu ọ̀nà ilé wà lórí rẹ̀. Beech Street, ojú títì kan tó ti wà ṣáájú ogun, di ihò tó ń gba abẹ́ pèpéle kọjá.

Ojú irin tó lọ sí Moorgate ló kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́. Àárín ilẹ̀ náà gan-an ló gbà, ó sì ṣe kọrọkọrọ. Kí wọ́n tó lè kọ́ ilé, wọ́n ní láti tún un tẹ́ kó lè tọ́, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n sì fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ kí ìmìtìtì ọkọ̀ má baà gba ara òpó gun orí ibùsùn ẹni tó ń sùn. Ọdún méjì ó lé ni wọ́n fi ṣe èyí ṣáájú 1966, iṣẹ́ tí àlejò ò lè fojú rí rárá. Ayálégbé àkọ́kọ́ wọlé ní 1969, ilé gogoro tó kẹ́yìn parí ní 1976, gbọ̀ngàn eré ò sì ṣílẹ̀kùn títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1982. Chamberlin ò rí ọjọ́ náà. Ó ti kú ní 1978.

Bí wọ́n ṣe ṣá kọnkéré náà

Nílé wa, bí wọ́n bá da òpó tán, bíríkìlà á fi òòlù ṣá ojú rẹ̀ kí pílásítà lè rí ibi dì mú. Ohun tí wọ́n ṣe ní Barbican kò ju ìyẹn lọ: wọ́n ṣá a, wọn ò wá rẹ́ ẹ.

Ìdí rẹ̀ ni òjò àti èéfín. Lọ́ńdọ̀nù àwọn ọdún 1950 dúdú fún èéfín èédú. Bí kọnkéré bá dán, omi òjò máa ń kó ìdọ̀tí sọ̀ kalẹ̀ gba ojú kan náà, á fa ìlà dúdú bí omijé lójú ẹni tó lé tìróò. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé tuntun á dà bí ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Bí ojú kọnkéré bá rí wúruwùru, omi ò ní rí ọ̀nà kan ṣoṣo gbà. Á fọ́n ká, ìdọ̀tí náà á sì fọ́n ká. Èrè kejì tún wà níbẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n dà lónìí àti èyí tí wọ́n dà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í láwọ̀ kan náà, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé sì máa ń hàn. Òòlù ló ń pa ojú ìpàdé náà rẹ́.

Òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló máa wá di ojú ilé. Láti ibi ìwakùsà Penlee ní Cornwall ni wọ́n ti kó o wá, òkúta líle tí òòlù ò tètè fọ́ sí lẹ́búlẹ́bú. Nínú kọnkéré tí wọ́n máa rẹ́, ẹnikẹ́ni ò bìkítà bí òkúta bá pọ̀ níhìn-ín tó sì ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún. Nínú èyí tí wọ́n máa ṣá, ibi tí òkúta bá ti ṣọ̀wọ́n á hàn bí ojú àpá títí ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ gbọn kọnkéré náà dáadáa nínú pákó, kí afẹ́fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbọ̀n ọ́n jù, kí òkúta má baà rì sísàlẹ̀, kí omi sìmẹ́ǹtì léfòó.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú pákó, wọ́n á dúró fún ọjọ́ 21, ó kéré tán. Ẹni tó bá kánjú ṣá a á rí i pé òkúta ń yọ jáde lódindi bí eyín tó ń mì, á fi ihò sílẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì ò tíì dì í mú. Bí ọjọ́ bá sì ti tó, òkúta náà á là láàárín, inú rẹ̀ tó mọ́ á wá hàn síta. Ohun tó ń tàn díẹ̀díẹ̀ lára ògiri Barbican bí oòrùn bá yọ nìyẹn: òkúta tó là.

Oríṣi irin iṣẹ́ méjì ni wọ́n lò. Ọ̀kan jẹ́ òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó ń gbẹ́ ihò kéékèèké. Èkejì fẹ̀ lórí, eyín wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, ó ń fọ́ ojú kọnkéré láìjinlẹ̀ púpọ̀. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń gba iṣẹ́ jù, òun ló sì ń fúnni lójú tó rí gbágungbàgun jù. Ìpíndọ́gba jíjìn rẹ̀ jẹ́ 1.25 sẹ̀ntímítà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú, lórí àkàbà àti pákó ìgùnkè, ògiri kan tẹ̀ lé òmíràn, òpó kan tẹ̀ lé òmíràn.

1.25 sẹ̀ntímítà yẹn ni ẹnjiníà gbọ́dọ̀ rántí kí ẹnikẹ́ni tó kan pákó. Rọ́ọ̀dù tó wà nínú kọnkéré ò gbọdọ̀ rí afẹ́fẹ́ àti omi. Ká ní ìwé iṣẹ́ sọ pé kí sẹ̀ntímítà 4 bo rọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá da kọnkéré lórí ìwọ̀n yẹn tí wọ́n wá ṣá a, 2.75 ló kù, níbi tí òòlù bá sì ti jìn jù, kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà pákó gbọ́dọ̀ sún síta kí ìpele tí òòlù máa jẹ wà lórí ìwọ̀n, kì í ṣe nínú rẹ̀. Etí ògiri náà ní òfin tirẹ̀. Bí òòlù bá kan igun tó mú, igun náà á fọ́ dànù. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á dá òòlù dúró kó tó dé etí, á fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ láìṣá.

Ọwọ́ èèyàn ò sì rí bákan náà. Ẹni tó ń fi ìbínú ṣá a àti ẹni tó rọra ń ṣe é, àmì wọn á yàtọ̀ lára ògiri kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ògiri àwòṣe wà nílẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ á máa wò, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹni méjì pín ògiri kan ní àárín. Eruku tó ń jáde lára òkúta yìí máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, gbígbọ̀n òòlù sì máa ń pa ẹ̀jẹ̀ ìka tì títí ìka á fi funfun tí kò ní mọ nǹkan lára mọ́. Ilé ńlá náà ò sì ṣaláìní ìjà òṣìṣẹ́ pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe: láàárín 1966 àti 1967, ìyanṣẹ́lódì kan dá apá kan iṣẹ́ náà dúró pẹ́ débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde.

Lójú tiwa, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbi òòlù yìí ló gba Barbican là. Ọ̀pọ̀ ilé ayé náà tí wọ́n fi kọnkéré dídán kọ́ láti dín owó kù ti wó, àwòrán wọn ò sì burú ju ti Barbican lọ.

Bí apá kan bá bàjẹ́ lára irú kọnkéré yìí, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ká pò sìmẹ́ǹtì ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òòlù kékeré kan ojú ògiri, wọ́n á máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo ti là nínú. Wọ́n á fọ́ ibi kékeré kan, wọ́n á wọ́n oògùn phenolphthalein sí i. Ibi tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú ṣì lágbára láti dáàbò bo rọ́ọ̀dù. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Bí ibi tí àwọ̀ ò yí padà yẹn bá ti dé rọ́ọ̀dù, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ tàbí kó máa tó bẹ̀rẹ̀. Ìpẹtà máa ń wú ju irin tó wà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po, òun ló sì ń ti kọnkéré já bọ́. Wọ́n á gbẹ́ ẹ kọjá ẹ̀yìn rọ́ọ̀dù, wọ́n á ha ìpẹtà kúrò, wọ́n á fi òkúta tó jọ ti tẹ́lẹ̀ dà á padà, wọ́n á dúró kó gbó, wọ́n á sì tún ṣá a. Àti 2001 ni Barbican ti wà lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ilé ìtàn, nítorí náà àtúnṣe tí ojú á tètè rí ò ṣe é ṣe níbẹ̀.

Inú fúláàtì

A ò ní pẹ́ níbí. Ilé ìdáná kéré débi pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi, Brooke Marine, ni wọ́n pè kó bá wọn tò ó, nítorí ẹni tó mọ bí a ṣe ń dáná nínú ọkọ̀ ló mọ bí a ṣe ń fi ààyè tóóró ṣe nǹkan. Abẹ́ síǹkì ní ihò ńlá kan tí wọ́n ń da pàǹtí oúnjẹ sí, tí omi á sì gbé e lọ sínú àgbá nísàlẹ̀ ilé. Garchey, ará Faransé kan, ló ṣe ètò náà. Iná mànàmáná ló ń mú ilẹ̀ gbóná: wáyà wà nínú kọnkéré ilẹ̀, ó ń gba iná olówó pọ́ọ́kú lóru, ilẹ̀ á sì máa tú ooru náà jáde lọ́sàn-án. Ó dára, àyàfi pé ẹni tó ń gbé inú ilé ò lè pàṣẹ fún un. Bí oòrùn bá ṣèèṣì ràn lọ́jọ́ kan ní oṣù Kẹta, ooru tí wọ́n ti rà lóru àná á ṣì máa jáde.

Omi

Pèpéle Barbican jọ dẹ́kìn ilé wa, àmọ́ ó fẹ̀ tó pápá, èèyàn ń rìn lórí rẹ̀, igi ń hù lórí rẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ojú títì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti gbé abẹ́ dẹ́kìn tó ń jò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kọnkéré máa ń nà bí oòrùn bá mú, ó máa ń súnkì bí òtútù bá mú. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀ lójú: fún kọnkéré tó gùn ní mítà 100, bí ìgbóná àti òtútù bá fi 30 lórí ìwọ̀n Celsius yàtọ̀ síra, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3 ni yóò fi nà tàbí súnkì. Ṣùgbọ́n sẹ̀ntímítà 3 yẹn gbọ́dọ̀ rí ibi lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé pèpéle sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi àlàfo sáàárín, tí wọ́n á sì fi ohun tó rọ̀ dí i. Ohun tó rọ̀ náà ló ń kọ́kọ́ kú. Oòrùn á mú un le, á là, omi á rí ọ̀nà wọlé.

Bí omi bá ti wọlé, kì í jáde níbi tó gbà wọlé. Lórí kọnkéré, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá ló wà. Lórí ọ̀dà náà, ìpele sìmẹ́ǹtì. Lórí sìmẹ́ǹtì, bíríkì pẹlẹbẹ tí èèyàn ń tẹ̀. Omi tó gba ojú bíríkì wọlé á máa rìn láàárín sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà títí á fi rí ibi tí ọ̀dà ti ya, bóyá mítà mẹ́wàá sí ibi tó ti wọlé. Ẹni tó bá rí i tó ń kán sórí ọkọ̀ rẹ̀ tó sì gòkè lọ dí ibi tó wà ní ọ̀gángán orí ọkọ̀ náà, owó rẹ̀ ló sọ nù. Àwọn ibi tí a tún máa ń fura sí ni ẹsẹ̀ ògiri, níbi tí ọ̀dà ti gbọ́dọ̀ gun ògiri díẹ̀, ojú ihò tí omi ń gbà jáde, àti ìsàlẹ̀ àgbá òdòdó, níbi tí gbòǹgbò igi ti ń wá omi kiri bí ẹni tó ń wá owó tó sọ nù.

Ní Beech Gardens, apá pèpéle tó wà lórí Beech Street, àmúlẹ̀mófò ni kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò, igi, yẹ̀pẹ̀ àti bíríkì, títí dé ara kọnkéré, wọ́n sì fi ìpele tuntun tí kì í jẹ́ kí omi kọjá sí i. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú iṣẹ́ náà ni èyí tí wọ́n gbìn padà. Tẹ́lẹ̀, koríko àti òdòdó tó ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń fọwọ́ ara wọn da omi sórí dẹ́kìn tó ń jò. Nigel Dunnett, tó ya àwòrán ọgbà tuntun náà, yan àwọn ewéko pápá tí ọ̀dá ò ń pa, tí wọ́n lè gbé inú yẹ̀pẹ̀ tí kò jìn púpọ̀, tí wọn ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni máa bomi rin wọ́n ní gbogbo ìgbà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2015. Igbó kékeré tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ni ọ̀pọ̀ ń wá yà ní fọ́tò, wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi jíjò ló bí i.

Ihò Beech Street ní tirẹ̀ di ibi tí èéfín ọkọ̀ ń sé mọ́, torí pèpéle ti bo ibi tí ì bá gbà jáde. Ní oṣù Kẹta 2020, City gbìyànjú láti fi òfin dí i mọ́ ọkọ̀ tó ń tú èéfín, ìdánwò náà sì parí ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà òkè tí kò rí ẹnìkejì

Nígbà tí wọ́n ń ya Barbican, wọn ò rò pé òun nìkan ló máa dúró lórí pèpéle. Gbogbo City ni wọ́n fẹ́ gbé sókè. Lẹ́bàá London Wall, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ fi ààyè sílẹ̀ ní àjà kìíní fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní highwalk, kí afárá lè so ó mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, èèyàn á lè rìn káàkiri City láìfẹsẹ̀ kan ojú títì.

Ẹ wo ibi tí ètò náà ti ní àléébù. Ọ̀nà òkè ò wúlò títí yóò fi parí, àmọ́ kò lè parí àfi bí gbogbo onílé bá wó ilé wọn kọ́ òmíràn. Onílé kì í wó ilé nítorí pé ìjọba fẹ́ ọ̀nà. Ó dìgbà tí owó bá wà àti ìgbà tí ilé bá gbó. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, èrò ti yí padà, wọ́n ti ń fi òfin dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ tí ọ̀nà òkè ì bá gbà kọjá. Ohun tó wà nílẹ̀ wá di àgékù: àtẹ̀gùn tó gun òkè, ọ̀nà tó lọ síwájú díẹ̀, ó parí sí ara ògiri.

Lójú tiwa, àṣìṣe tó tóbi jù nìyí, ó sì kọjá ọ̀rọ̀ kọnkéré. Àwọn ayàwòrán yìí kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn sókè, ní ìrètí pé ìlú á gòkè wá bá wọn. Ìlú ò gòkè. Nísàlẹ̀, níbi tí èèyàn ń rìn, ògiri, ilẹ̀kùn ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ihò ni Barbican kọjú rẹ̀ sí wọn. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ rí adágún omi, òdòdó àti ìdákẹ́jẹ́ tí owó ò lè rà níbòmíràn ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń kọjá lọ rí odi. Ibi tí ìlà yẹ́lò ti wá nìyẹn.

Gbọ̀ngàn eré jìyà nínú rẹ̀ jù. Ètò àkọ́kọ́ kéré. Nígbà tí wọ́n wá pinnu pé kí ẹgbẹ́ olórin London Symphony Orchestra àti ẹgbẹ́ òṣèré Royal Shakespeare Company fi ibẹ̀ ṣe ilé, gbọ̀ngàn náà wú, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láàárín àwọn ilé ò wú. Ìsàlẹ̀ nìkan ló kù láti lọ, wọ́n sì walẹ̀. Ilé gíga tó wà lórí pèpéle eré, níbi tí wọ́n ń fa aṣọ ìtàgé sí, ò ṣe é gbé wọ ilẹ̀ bí ìyókù, ó yọrí síta láàárín fúláàtì. Wọ́n fi gíláàsì yí i ká, wọ́n gbin ewéko ilẹ̀ olóoru sí i; bí ọgbà inú gíláàsì tó lókìkí yẹn ṣe wáyé nìyẹn, aṣọ tí wọ́n fi bo egbò. Owó gbọ̀ngàn náà ti kọjá mílíọ̀nù 150 pọ́n-ùn kó tó ṣílẹ̀kùn. Àlejò tó wọlé láti ọ̀nà òkè ò ní mọ̀ pé òun ti wà ní àárín ilé, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Á máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Láàárín àwọn ọdún 2000, wọ́n tún ẹnu ọ̀nà Silk Street ṣe kó lè di ẹnu ọ̀nà gidi, níbi ojú títì.

Lápá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, níbi tí ọ̀nà òkè ti so Barbican mọ́ London Wall, Museum of London àti ọ́fíìsì Bastion House wà lórí pèpéle kan náà láti 1976. Ilé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Powell and Moya ló ya méjèèjì; Powell tibí kì í ṣe Geoffry Powell. Inú ọgbà róbótó tí ọkọ̀ ń yí po ni ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà lókè, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn tàbí kó gba afárá kó tó débẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2022, kó lè kó lọ sí Smithfield, sínú ọjà àtijọ́ kan tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lójú títì. Ní oṣù Kẹrin 2024, ìgbìmọ̀ City fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó méjèèjì.